Adaptation: kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé tó bá di fíìmù?

Bí fíìmù kan bá ti jáde látinú ìwé, ẹni tó ti ka ìwé náà kì í jẹ́ ká gbádùn. "Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé o!" Ẹ ó gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní Fọ́lágbadé, n'Íjẹ̀bú-Òde. Ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè tí mẹ́rin wọn forí jọ sídìí fóònù kan. Iṣẹ́ tí wọ́n ń bá jà yẹn ni àwọn onífíìmù ń pè ní adaptation: kí èèyàn mú ìtàn tó ti wà tẹ́lẹ̀ nínú ìwé tàbí lórí ìtàgé, kó sọ ọ́ di ohun tí a ó fi ojú wò. Kì í ṣe àdàkọ. Ẹni tó bá ń fẹ́ àdàkọ, kó tún ìwé rẹ̀ kà.

Ìdí tí kò fi lè jẹ́ àdàkọ ni pé òǹkọ̀wé lè wọ inú èèyàn lọ jókòó. Ó lè fi ojú ewé mẹ́ta sọ ohun tí ọkùnrin kan ń rò lórí ibùsùn, kò sì ní sú wa. Kámẹ́rà ò rí èrò ọkàn. Ojú ló ń rí, àti ọwọ́, àti ilẹ̀kùn tí wọ́n pa dé gbàà. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ ìwé di eré gbọ́dọ̀ sọ èrò di ìṣe. Bí ìwé bá ní obìnrin kan ń jowú, ó ní láti wá nǹkan tí obìnrin yẹn máa ṣe, tí àwa náà á fi wí lọ́kàn wa pé, "Háà, owú ni." Àwọn mìíràn a máa gba ẹ̀bùrú: wọ́n á fi ohùn kan sábẹ́ àwòrán, á máa ka ìwé fún wa. Nígbà mìíràn ó máa ń bọ́ sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, lójú tèmi, ìmẹ́lẹ́ ni.

Ohun kejì ni àyè. Láàárín àwọn tó ń kọ eré, ojú ewé kan ni wọ́n máa ń kà sí nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, fíìmù wákàtí méjì á sì gba nǹkan bí ojú ewé 120. Ìwé ńlá ò lè wọ ibẹ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n méjì á di ẹyọ kan, ìrìn àjò á fò, ará àdúgbò tí ẹ fẹ́ràn gan-an lè má yọjú rárá.

Àmọ́ bí fíìmù ṣe ń gé náà ló ń fi kún un, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn ti máa ń dùn. Ẹ wo Maami. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan ló kọ ìwé náà, ọmọ Ẹ̀rúnwọ̀n nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ìwé yẹn sì ti wà láti àwọn ọdún 1980. Ní 2011 ni Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù, Fúnkẹ́ Akíndélé ló ṣe ìyá. Nínú fíìmù, Káṣìmáwò, ọmọ ìyá náà, ti di ògbóǹtarìgì agbábọ́ọ̀lù ní Arsenal, ó sì dé sílé nígbà tí Ife Àgbáyé 2010 ku ọjọ́ méjì. Ìdíje yẹn ò ṣáà lè sí nínú ìwé tó ti jáde tipẹ́ ṣáájú rẹ̀! Síbẹ̀, ìtàn ìyá tí ìṣẹ́ ń bá fínra, tó ń dá tọ́ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kò kúrò nídìí ẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi kún un jẹ́ kí ọ̀dọ́ tó ń wò ó ní 2011 mọ ibi tí ọmọ yẹn dé láyé lójú ẹsẹ̀, láìsí àlàyé rẹpẹtẹ. Àfikún tó níṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Èyí tí mi ò lè fara mọ́ ni àfikún ìjó àti àwàdà tí wọ́n kàn fi ń fa fíìmù gùn.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ìwé kì í bá ara rẹ̀ du: aṣọ. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú ní 1974, ìtàn Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ n'Ìbàdàn, àti àwọn obìnrin tó dà á láàmú. Nínú ìwé, ẹ lè ka ọ̀rọ̀ aṣọ kọjá, kí ẹ gbàgbé. Ní 1997 tí Kèlání gbé e jáde, aṣọ náà gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn èèyàn: ìró tó mọ lórúnkún, bùbá tó fún mọ́ra díẹ̀, gèlè, bí àwọn afínjú obìnrin ìgbà tí ìtàn náà wáyé ṣe ń wọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń sọ fún télọ̀ pé kó rán ólekú fún àwọn. Títí di bí a ṣe ń wí yìí, ẹni tí kò fojú kan ìwé náà rí ń wọ ólekú lọ síbi ìnáwó ní Ṣàgámù. Kò sí ojú ewé tó lè ṣe ìyẹn.

Bó bá jẹ́ eré ìtàgé ni wọ́n fẹ́ sọ di fíìmù, wàhálà ibẹ̀ yàtọ̀. Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìsarà (ẹ má dán an wò kí ẹ bá àwọn ará Rẹ́mọ jiyàn lórí èyí), fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ Death and the King's Horseman, eré Ẹlẹ́ṣin Ọba tó gbọ́dọ̀ bá ọba rẹ̀ kú, tó jáde ní 1975. Fíìmù rẹ̀ tí Biyi Bandele darí dé orí Netflix ní oṣù kọkànlá 2022, lẹ́yìn tí Bandele fúnra rẹ̀ ti kú ní oṣù kẹjọ. Yorùbá ni Ọdúnladé Adékọ́lá àti àwọn ará ìlú ń sọ nínú rẹ̀. Èrè ńlá nìyẹn: ọ̀rọ̀ tí Ṣóyínká fi Gẹ̀ẹ́sì dá lára padà sẹ́nu àwọn tó ni ín. Ibi tó le ni ibi tí Ẹlẹ́ṣin ti ń jó lọ sínú ikú, tí akéwì rẹ̀ ń fi ohùn ọba tó wàjà bi í léèrè, tí òun náà ń dáhùn bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Lórí ìtàgé, ọ̀rọ̀ àti ìlù nìkan ló gbé e, a sì jókòó tì í. Kámẹ́rà ò ní irú sùúrù yẹn. Ṣóyínká ti kìlọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé kí wọ́n má sọ eré náà di ìjà àṣà méjì, kí òyìnbó tó dá ikú náà dúró má di ẹni tó fa gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo máa ń fi wọn fíìmù náà nìyẹn, kì í ṣe bóyá gbogbo ọ̀rọ̀ pé.

Ti Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọ̀sà, rọrùn jù báyẹn lọ. Òun ló ni eré Ayé tó ti ń ṣe lórí ìtàgé, òun náà ló gbé e lọ sínú fíìmù ní 1979 pẹ̀lú Ọlá Balógun. Ta ló máa wá sọ fún un pé kò tẹ̀ lé òǹkọ̀wé?

Ẹni tí kò kọ ìwé fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Òfin Copyright ti 2022 ní Nàìjíríà fi ẹ̀tọ́ sísọ ìwé di nǹkan mìíràn sọ́wọ́ òǹkọ̀wé, títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Fágúnwà kú ní 1963. Ó di ìparí 2033 kí ẹnikẹ́ni tó lè mú ìwé rẹ̀ ṣe fíìmù láìbi àwọn ajogún rẹ̀. Onífíìmù tí kò tíì lówó lọ́wọ́ lè san owó kékeré tí wọ́n ń pè ní option, kí òǹkọ̀wé má bàa ta ìwé náà fún ẹlòmíràn fún àsìkò kan. Bí àsìkò bá pé tí kò rówó ṣe é, ìwé padà sọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ibi tí òǹkọ̀wé ti ń pariwo pé "ìwé mi ti di fíìmù," option ni wọ́n ṣì san. Ẹ tún máa wo ọ̀rọ̀ tó máa ń hàn níbẹ̀rẹ̀ fíìmù. "Based on" túmọ̀ sí pé ìtàn ìwé náà ni wọ́n gbé e kà. "Inspired by" fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó lè jẹ́ èrò kan ṣoṣo ni wọ́n mú níbẹ̀.

Nǹkan sì lè gba ibòmíràn wá. Ní 1999 ni fíìmù Ṣaworoidẹ jáde, Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ bí ìwé. Ọmọ iléèwé tó bá kà á tán, tó wá wo fíìmù, tó ní "wọn ò tẹ̀ lé ìwé," ẹjọ́ rẹ̀ ti dorí kodò.