Bí Iṣẹ́ Ọwọ́ Ṣe Ń Di Ìwà Lójú Ẹni Tó Ń Wò

Ní Abẹ́òkútà, obìnrin ló ni aró. Àwọn ìyá aláàdìrẹ ló ń pò ó, àwọn ló ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọnà ẹ̀kọ sára aṣọ kí wọ́n tó pa á láró, Ìyá Mapó tó jẹ́ òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin sì ni aláàbò wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní Kánò, ní Kofar Mata, ọkùnrin ló ń dúró létí kòtò aró. Iṣẹ́ tó le ni níbi méjèèjì, ó sì ń fẹ́ sùúrù, torí aró kì í gba kánjúkánjú.

Ẹni tó dàgbà sí Ìtòkú, àdúgbò aláàdìrẹ ní Abẹ́òkútà, lè fi gbogbo ẹnu sọ pé sùúrù obìnrin ló bá aró mu. Ẹni tó dàgbà sí Kofar Mata lè sọ pé agbára ọkùnrin ni. Iṣẹ́ ni àwọn méjèèjì rí, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé àdámọ́ ni.

Alice Eagly àti Valerie Steffen, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, dán èyí wò nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1984. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní àpèjúwe kúkúrú nípa ẹnì kan. Fún àwọn kan, ọkùnrin tàbí obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ni. Fún àwọn mìíràn, ọkùnrin tàbí obìnrin tó ń tọ́jú ilé ni. Wọ́n wá bi wọ́n pé irú ìwà wo ni onítọ̀hún máa ní. Ẹni tó ń tọ́jú ilé ni wọ́n pè ní oníwà pẹ̀lẹ́ àti aláàánú, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Níbi tí wọn kò ti dárúkọ iṣẹ́ kankan ni wọ́n ti padà sí èyí tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: obìnrin ni oníwà pẹ̀lẹ́.

Ilé ni èrò yìí ti ń di òtítọ́. Ọmọbìnrin ọdún méje ni wọ́n máa ń gbé àbúrò pọ̀n fún, wọ́n á rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin níṣẹ́ lọ síta. Nígbà tó bá fi pé ọdún méjìlá, ó ti mọ ẹkún ebi yàtọ̀ sí ẹkún oorun, àwọn ará ilé á sì ní, "Obìnrin ṣá ni." Ọmọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ìbá rọ̀ fún ọmọ jù báyẹn lọ, kò sẹ́ni tó gbé ọmọ fún un rí. Àdánù gidi ni, kò sì hàn sí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ìyìn pàápàá ń ti ilẹ̀kùn náà. Èdè Yorùbá kò ya "ó" ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára "ó" obìnrin, síbẹ̀ obìnrin tó bá láyà bí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, "obìnrin bí ọkùnrin" là ń pè é. Bí ó ti wù kí irú wọn pọ̀ tó, ẹnì kọ̀ọ̀kan á máa jẹ́ àrà ọ̀tọ̀, òfin àtijọ́ á sì wà níbi tó wà.

Ìyàtọ̀ wà lóòótọ́ bí a bá wọn ìwà wò. Ní 2005, Janet Hyde, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kó àkójọ 46 jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ àpapọ̀ ọ̀pọ̀ ìwádìí, ó sì rí i pé nínú àwọn ìyàtọ̀ tí wọ́n wọ̀n láàárín ọkùnrin àti obìnrin, ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún ló kéré tàbí tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Kódà níbi tí ìyàtọ̀ bá ti tó ìwọ̀n àárín, bí a bá mú ọkùnrin kan àti obìnrin kan láìṣà, ní ìgbà 100, ẹni tí a rò pé yóò borí á borí nígbà bíi 64. Nígbà 36 yòókù, òdìkejì ni.

Ibi tó ṣòro ni èyí tí Paul Costa, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ní 2001, nígbà tí wọ́n kó èsì àwọn ènìyàn tó lé ní 23,000 jọ láti àwùjọ 26. Ìyàtọ̀ tí àwọn ènìyàn sọ nípa ara wọn pọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ju Áfíríkà àti Éṣíà lọ, níbi tí àṣà ti pín iṣẹ́ gan-an. Ọ̀kan nínú àlàyé tí wọ́n ṣe bá ohun tí a ti ń sọ bọ̀ mu. Níbi tí iṣẹ́ bá ti le bí òfin, ìyá tó fi gbogbo òru gbé ọmọ aláìsàn lọ́wọ́ lè má ka ara rẹ̀ sí aláàánú rárá. Ojúṣe rẹ̀ ló gbà pé òun ṣe, ohun tó sì máa kọ sínú fọ́ọ̀mù ìwádìí nìyẹn.