Ta ni "olùgbé gidi"? Bí ilé ìwòsàn ìjọba ní England ṣe ń mọ ẹni tí yóò sanwó

Ìbéèrè kan wà tí ilé ìwòsàn ìjọba ní England máa ń bi ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wọn: "Ibo lẹ gbé láti oṣù méjìlá sẹ́yìn?" Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa kì í dáhùn ìyẹn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé páspọ́ọ̀tù Ìlú Ọba ló wà lọ́wọ́ àwọn, tàbí pé àwọn ti fi ogún ọdún san owó orí níbẹ̀ kí àwọn tó padà sílé. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Àmọ́ kò sẹ́ni tó béèrè ọmọ ibo ni wọ́n, kò sì sẹ́ni tó béèrè iye tí wọ́n ti san sápò ìjọba rí. Ibi tí wọ́n ń gbé ni wọ́n bi wọ́n.

Gbólóhùn tó wà nínú òfin ni "ordinarily resident". Nínú àlàyé yìí, olùgbé gidi la ó máa pè é. Ẹni tó bá jẹ́ olùgbé gidi kò ní san kọ́bọ̀ fún iṣẹ́ abẹ tàbí fún bẹ́ẹ̀dì tó sùn sí. Ẹni tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àlejò ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé London ni wọ́n ti bí i. Kò sì sí káàdì kankan tí wọ́n kọ "olùgbé gidi" sí. Ńṣe ni ilé ìwòsàn máa ń wo ẹ̀rí tí èèyàn bá kó wá, kó tó pinnu. (Scotland, Wales àti Northern Ireland ní òfin tiwọn, ti England nìkan là ń sọ níbí.)

Láti ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948 tí NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba, ti bẹ̀rẹ̀, owó orí ni ìjọba fi ń gbé e ró. Kì í ṣe ètò adójútòfò tí kálukú ń dá owó sí, tí ìpín rẹ̀ á wá máa dúró dè é níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó orí àtijọ́ kò fi ran ẹni tó ti kó kúrò lọ́wọ́. Ọdún 1982 ni òfin tó ní kí àwọn àlejò máa sanwó nílé ìwòsàn kọ́kọ́ jáde. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí jẹ́ ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2017.

Ìtumọ̀ olùgbé gidi fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ ti ọ̀rọ̀ ìlera wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pẹjọ́ lórí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, Barnet ní àríwá London sì wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹjọ́ náà kàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1982, Lord Scarman ṣàlàyé nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí, àlàyé rẹ̀ sì ni wọ́n ṣì ń lò. Ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé. Kí òfin gba èèyàn láyè láti wà níbẹ̀. Kó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló yàn láti wà níbẹ̀. Kó sì ní ìdí gúnmọ́ kan tó fi tẹ̀dó síbẹ̀, tó ti di ara ìgbé ayé rẹ̀ lásìkò yẹn, ì báà pẹ́, ì báà má pẹ́. Iṣẹ́ lè jẹ́ ìdí gúnmọ́ náà, ẹ̀kọ́ lè jẹ́ ẹ, ìgbéyàwó àti àtigbé pẹ̀lú ẹbí náà wà níbẹ̀.

"Ì báà má pẹ́" yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ará àdúgbò pé tí èèyàn bá ti lo oṣù mẹ́fà, ó ti di tibẹ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin kò dá iye ọjọ́ kankan. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ìlú Britain kan tó ti gbé Ìbàdàn fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó ta mọ́tò rẹ̀, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé, ó kó ìyàwó àtọmọ lọ sí Manchester láti máa gbé ibẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù ló ti di olùgbé gidi. Ẹ wá mú ẹlòmíì tó ní irú páspọ́ọ̀tù kan náà, tí ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ìyàwó rẹ̀ ṣì wà ní Ìbàdàn, tó wá lo oṣù méje lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ torí pé orúnkún ń dà á láàmú. Àlejò ni ní tiẹ̀.

Èyí tó máa ń lọ́jú pọ̀ ni ti ẹni tó nílé lókè òkun tó tún nílé lọ́dọ̀ wa. Òfin gbà pé èèyàn lè jẹ́ olùgbé gidi ní ìlú méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà kì í ṣe pé oníṣòwò tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Èkó àti Peckham ní London ti pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ láìjanpata. Wọ́n á wo ẹni tó ń bá a gbé ní Peckham, ẹni tó ń san owó iná àti owó council tax (owó ilé tí wọ́n ń san fún ìjọba ìbílẹ̀), bó ṣe máa ń pẹ́ tó lẹ́yìn odi kó tó padà, àti ibi tí òwò rẹ̀ gan-an fìdí sí. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ara rẹ̀ kò bá yá nìkan ni wọ́n máa ń rí i, ìyẹn náà á sọ̀rọ̀.

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2015, ìlẹ̀kùn kan tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Òfin ìwọ̀lú ti ọdún 2014 sọ pé ẹni tó bá nílò àṣẹ kó tó lè wà nílùú, tí àṣẹ náà sì ní ọjọ́ tí yóò parí, kò lè jẹ́ olùgbé gidi ní ti ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú, bó ti wù kó pẹ́ níbẹ̀ tó. Àfi kó gba àṣẹ ìgbé tí kò lópin, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí indefinite. Nọ́ọ̀sì tó ti ṣiṣẹ́ ní Leeds fún ọdún mẹ́rin lórí físà kì í ṣe olùgbé gidi lójú òfin yìí. Síbẹ̀, kì í sanwó nílé ìwòsàn, torí pé ọ̀nà mìíràn ló gbà wọlé.

Ọ̀nà náà ni owó ìlera tí wọ́n máa ń gbà pọ̀ mọ́ owó físà, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IHS. Ẹni tó bá ń béèrè físà tó ju oṣù mẹ́fà lọ láti òkèèrè ló ń san án, ó sì ń san ti gbogbo ọdún lẹ́ẹ̀kan náà kó tó gba físà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015, £200 ni lọ́dún kan. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti di £1,035 fún àgbàlagbà, àti £776 fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Físà ọdún mẹ́ta fún òṣìṣẹ́ kan á wá jẹ́ £3,105, ká má tíì dárúkọ ìyàwó tàbí ọkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba físà oṣù mẹ́rìndínlógún á san ti ọdún kan àti ààbọ̀, ìyẹn £1,164, nítorí pé oṣù tó lé tí kò bá ju mẹ́fà lọ, ìdajì ọdún ni wọ́n ń kà á sí. Àwọn tó wà lórí físà Health and Care Worker, ti òṣìṣẹ́ ìlera bíi nọ́ọ̀sì yẹn, kì í san án, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹbí tí wọ́n kó wá, síbẹ̀ wọ́n ń kà wọ́n mọ́ àwọn tó ti san án.

Ẹni tó bá ti san án, tí físà rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀, á gba ìtọ́jú bíi ti olùgbé gidi, kódà fún àìsàn tó ti wà lára rẹ̀ kó tó dé. Ìtọ́jú ọmọ bíbí nípa IVF ni kò sí nínú rẹ̀ mọ́ láti oṣù Kẹjọ ọdún 2017. Owó oògùn tí GP (dókítà àdúgbò) bá kọ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bó ṣe wà fún àwọn onílùú fúnra wọn. Tí físà bá fẹ́ parí, ẹ fi ìwé ìtẹ̀síwájú sílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ẹ̀tọ́ yín á máa bá a lọ títí ìdáhùn á fi dé. Ẹni tó jẹ́ kí ọjọ́ kọjá ti jáwọ́ nínú ààbò náà nìyẹn.

Àwọn ìyá wa tó máa ń lọ bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Físà àbẹ̀wò ni wọ́n ń gbà, ti àbẹ̀wò kò sì ní IHS nínú. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fún wọn ní físà ọdún mẹ́wàá, oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n lè lò nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá wọlé. Nàìjíríà àti Britain kò sì jọ ní àdéhùn ìtọ́jú ọ̀fẹ́. Nítorí náà, ìwé adójútòfò ìrìnàjò ni ààbò wọn, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó rà á: ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í san owó ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà tí wọn kò bá kọ sílẹ̀ fún wọn ṣáájú.

Báwo ni ilé ìwòsàn ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò? GP kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP lọ́fẹ̀ẹ́, títí kan àlejò, kò sì yẹ kí wọ́n tìtorí pé kò mú páspọ́ọ̀tù wá lé e padà. Ṣùgbọ́n orúkọ lọ́dọ̀ GP àti nọ́ḿbà NHS kì í ṣe ẹ̀rí pé ilé ìwòsàn yóò tọ́jú èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ bíìlì ti ń bẹ̀rẹ̀: GP kọ lẹ́tà, ilé ìwòsàn ránṣẹ́ pè wọ́n, wọ́n lọ láìfura.

Níbẹ̀, wọ́n á fún aláìsàn ní fọ́ọ̀mù kan kó kọ orílẹ̀-èdè rẹ̀, irú físà rẹ̀, ọjọ́ tó wọ̀lú àti ibi tó gbé lọ́dún tó kọjá. Bí iyèméjì bá wà, fáìlì á lọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Overseas Visitor Manager. Òun ló ń bá Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú, sọ̀rọ̀, òun náà ló sì ń rí i lórí kọ̀ǹpútà bóyá aláìsàn ti san IHS. Ẹ̀rí tó máa ń mú ọ̀rọ̀ yá ni share code láti inú eVisa, ìyẹn kóòdù tí wọ́n fi ń wo físà èèyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì (90 ọjọ́ ló ń lò kó tó kú, ẹ má tètè gbà á sílẹ̀ jù), ìwé ilé tí ẹ háyà, ìwé owó oṣù àti lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó padà wá, ìwé ẹrù tó kó sínú kọ̀ǹténà tàbí tíkẹ́ẹ̀tì àlọ láìsí àbọ̀ wúlò gan-an. Gbogbo aláìsàn ni wọ́n gbọ́dọ̀ bi ní ìbéèrè kan náà. Ilé ìwòsàn tó bá ń wo àwọ̀ tàbí orúkọ kó tó béèrè ti rú òfin ìdọ́gba ti ọdún 2010.

Àyẹ̀wò yìí máa ń ṣàṣìṣe, ó sì lè burú. Lọ́dún 2018, gbogbo ayé gbọ́ nípa bàbá kan tó ti Jàmáíkà dé London nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, lọ́dún 1973. Wọ́n ní kó mú £54,000 wá kí wọ́n tó fún un ní ìtọ́jú jẹjẹrẹ, torí pé kò rí ìwé fi hàn pé òun lẹ́tọ̀ọ́ sí ìlú náà. Ẹ̀tọ́ wà fún un ní tòótọ́. Ìwé ni kò sí.

Àwọn ìtọ́jú kan wà tí kò ní owó fún ẹnikẹ́ni, àlejò tàbí onílé. Yàrá pàjáwìrì A&E jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n láti ìṣẹ́jú tí wọ́n bá ti gba aláìsàn sí wọ́ọ̀dù ni owó ti bẹ̀rẹ̀. Ìfètò-sọ́mọ-bíbí náà wà níbẹ̀, àti àwọn àrùn tó ń ràn bí ikọ́ ẹ̀gbẹ, HIV àti kọ́lẹ́rà. Ibà wà lára wọn pẹ̀lú, ó sì dáa kí àwọn tó ń ti ilé dé mọ ìyẹn. Àwọn tó ń wá ààbò gẹ́gẹ́ bí olùsásàálà kì í sanwó.

Fún ìyókù, ìdá 150 nínú 100 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò: iṣẹ́ tó bá ná NHS ní £4,000, bíìlì rẹ̀ á jẹ́ £6,000. Láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2017, iṣẹ́ tó bá lè dúró, kí owó pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Dókítà ló ń sọ bóyá ó lè dúró, kì í ṣe akọ̀wé. Ohun tó máa wò ni ọjọ́ tí aláìsàn á padà sílé. Bí ara kò bá lè gbà á títí di ọjọ́ yẹn, kánjúkánjú ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ ná kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ owó. Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ ọjọ́ ìrìnàjò yín gan-an, torí òun ni ìpinnu dá lé. Ti aboyún kò ní àríyànjiyàn: wọn kò gbọ́dọ̀ dá ìtọ́jú oyún tàbí ìbímọ dúró nítorí owó. Bíìlì á sì dé lẹ́yìn náà.

Tí ẹ bá rò pé bíìlì náà kò tọ́, ẹ kọ̀wé sí Overseas Visitor Manager, kí ẹ sì kó ẹ̀rí yín tì í. Bí ẹ̀tọ́ bá hàn, owó tí ẹ ti san á padà. Tó bá tọ́, ẹ má pa á mọ́lẹ̀. Gbèsè tó bá tó £500 tó sì pé oṣù méjì láìsan, wọ́n lè fi orúkọ ránṣẹ́ sí Home Office, ìyẹn sì lè mú kí wọ́n kọ físà tó kàn. Ilé ìwòsàn lè sọ pé àwọn ti yọ gbèsè náà kúrò nínú ìwé ìṣirò, àmọ́ kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti dárí rẹ̀ jì yín. Ohun tó ń dá ìfisùn náà dúró ni àdéhùn láti máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Kó jẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i lórí ìwé, kí oṣù méjì náà tó pé.