Àǹtí, ṣé àwọ̀ yìí ò pọ̀ jù?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ pálọ̀ wa ní Ìbàrà, l'Abẹ́òkúta, á kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ná. Àga onígi kan ló máa kọ́kọ́ rí: ara rẹ̀ yẹ́lò, ẹsẹ̀ rẹ̀ píǹkì, tìmùtìmù àdìrẹ láti Ìtòkú sì wà lórí rẹ̀. Ìbéèrè á wá bẹ̀rẹ̀.

Ta lẹ wò kọ́ irú èyí?

Yinka Ilori ni. London ni wọ́n ti bí i ní 1987, àmọ́ Yorùbá làwọn òbí rẹ̀. Àga àlòkù táwọn èèyàn ti jù nù ló fi gbajúmọ̀: á tú u, á tún un tò, á kùn ún láwọ̀ tó ń tàn yòò, àga á wá máa sọ ìtàn tàbí òwe tó gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀. Ní 2019, òun àti àwọn ayàwòrán ilé kan, Pricegore, kọ́ ilé onígi aláràbarà kan, Colour Palace, sí ọgbà Dulwich Picture Gallery, ilé àfihàn àwòrán kan ní London. Aṣọ ọjà Balógun l'Ékòó ló wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń ṣe é. Ó ń ṣe tìmùtìmù, abọ́ àti ife náà.

Òun kọ́ ló pilẹ̀ ọ̀nà yìí o. Ní 1981, Ettore Sottsass, ayàwòrán ilé kan ní Ítálì, àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Memphis, ti pàtẹ àga àti tábìlì aláwọ̀ mèremère sí Milan. Àmọ́ ti Ilori ló wọ̀ mí lára, torí mo mọ ilé tí àwọ̀ rẹ̀ ti wá.

Kí ló dé táwọn àwọ̀ yìí ò bára wọn jà?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ẹ rántí òde ìgbéyàwó tẹ́ ẹ lọ kẹ́yìn: léèsì àwọ̀ ewé, gèlè àwọ̀ ọsàn, iyùn lọ́rùn, kò sì sẹ́ni tó ní ó pọ̀ jù. Ẹ wò ó dáadáa, àwọ̀ gèlè yẹn ló tún wà lára báàgì, òun náà ló wà lára bàtà. Àwọ̀ tó bá padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ojú á ti mọ̀ ọ́n. Nínú pálọ̀ mi, yẹ́lò àga yẹn tún wà létí ẹní, ó tún wà lára ìkòkò òdòdó kékeré kan lójú fèrèsé. Bí mo bá gbé ìkòkò yẹn kúrò, àga náà á dà bí ẹni tó ṣìlé wọ̀.

Ojú sì gbọ́dọ̀ ríbi sinmi. Ẹ gbé tìmùtìmù yẹn sún mọ́ ojú. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Ìyá tó ṣe é fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bò kò sì mu aró bó ṣe yẹ. Àwọn ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ kù yẹn ni àrà. Ká ní kò fi wọ́n sílẹ̀ ni, aṣọ dúdú lásán lẹ̀ bá rí. Ìdí tí mo fi jẹ́ kí ògiri wà ní funfun nìyẹn.

Ṣé kò ní í sú yín?

Bó bá sú mi, agolo ọ̀dà kan ló máa parí ẹ̀.

Àdìrẹ ò ní í kun aṣọ àlejò?

Ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan wọ léèsì funfun wá síbi ìsọmọlórúkọ, ó dìde tòun ti búlúù lẹ́yìn. Ojú tì mí gan-an. Èlú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, kì í yọ́ sínú omi lásán. Ìgbà tó bá kan nínú omi eérú ló tó ráyè wọnú òwú. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró, ó máa ń dà bí ewé, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù. Èyí tí kò bá wọlé á dúró lójú aṣọ bí àtíkè, òun ló ń kun ni. Ẹ fi omi tútù ṣàn án títí omi á fi mọ́, kẹ́ ẹ sì sá a síbòòji.

Kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Àga kan ṣoṣo. Ẹ ha fáníìṣì àtijọ́ kúrò, ẹ nù ún, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má sì kánjú jókòó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ lé tèmi kó tó gbẹ. Ìka rẹ̀ márààrún ṣì wà lẹ́yìn àga náà, mi ò sì ní í kùn ún bò.