Ẹ ka lébẹ̀lì hítà yín kí ẹ tó ra páàtì fún un

Màmá kan ní Thamesmead, ní gúúsù ìlà-oòrùn London, ránṣẹ́ pè mí nígbà òtútù tó kọjá pé kí n wá bá wọn tún hítà wọn ṣe. Kí n tó bọ́ aṣọ òtútù mi tán, wọ́n ti gbé àpò ọ̀rá kan lé mi lọ́wọ́. Tẹ́mósítáàtì mẹ́ta, ìyẹn páàtì tó ń díwọ̀n ooru, ló wà nínú rẹ̀, tuntun ni gbogbo wọn. "Ọmọ mi, bá mi wo èyí tó máa bá a mu." Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti rà á lọ́kọ̀ọ̀kan, fọ́tò ni wọ́n sì fi ń yàn án. Àkọ́kọ́ tóbi jù. Ihò tí wọ́n fi ń dè é lára ìkejì kò ṣe déédéé. Ìkẹta jọ ti ara hítà náà bí ìbejì, àmọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbọ́ ooru lára rẹ̀ kúrú, kò dé ibi tó yẹ kó dé. Owó ti jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, hítà ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀kọ tó ti pẹ́ nínú abọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sí nǹkan kan tó ṣe tẹ́mósítáàtì ara hítà náà látìbẹ̀rẹ̀.

Irú àpò ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ni mò ń bá nílé àwọn èèyàn wa lọ́dọọdún, mo sì mọ ibi tí àṣà náà ti wá. Bí a bá wà nílé, tí páàtì kan bà jẹ́ lára ẹ̀rọ, a ó tú u, a ó dì í sínú bébà, ó di Alaba. Oníṣòwò á gbà á, á yí i síwá sẹ́yìn, á na ọwọ́ sókè sí pẹpẹ, á sì mú èkejì rẹ̀ jáde. Ojú àti ìrírí rẹ̀ ló bá wa ṣe iṣẹ́ yẹn, a ò tiẹ̀ kà á sí iṣẹ́. Níbí, ẹni tó ń tà á fún yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí ohun tó wà lọ́wọ́ yín, fọ́tò tí ẹ̀yin náà ń wò kò sì sọ bí nǹkan ṣe tóbi tó. Ohun tó lè rọ́pò ojú oníṣòwò yẹn kò ju ohun tí wọ́n kọ sára hítà, àti ohun tí wọ́n tẹ̀ sára páàtì fúnra rẹ̀.

Hítà tí mo ń sọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní storage heater, àpótí pẹlẹbẹ tó wúwo, tó dúró ti ògiri nínú ọ̀pọ̀ fúláàtì tí kò ní gáàsì. Hítà oníbíríkì ni èmi máa ń pè é, nítorí bíríkì ló kún inú rẹ̀, èyí tó tóbi nínú wọn wọ̀n ju 100 kílò lọ. Ètò Economy 7 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1978 ló sọ ọ́ di ohun tó gbilẹ̀ tó báyìí: fún wákàtí méje lóru, owó iná á wálẹ̀. Ẹ́límẹ́ńtì, irin tí iná ń mú gbóná, á gbóná láàárín àwọn bíríkì náà, bíríkì á sì mu ooru náà sára títí tí inú rẹ̀ á fi ju 500 dígírì lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, iná á já, bíríkì á wá máa tú ooru náà sínú ilé díẹ̀díẹ̀ títí di alẹ́. Èyí tó dàgbà nínú wọn ní kọ́bọ́ méjì lórí. Ọ̀kan ń sọ iye ooru tó máa kó jọ lóru, èkejì ń sọ bó ṣe máa tú u jáde lọ́sàn-án.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2018 ni òfin ti dá irú èyí dúró ní ṣíṣe fún títà, nítorí pé ó ń fi iná ṣòfò. Àwọn tuntun ní kọ̀ǹpútà kékeré nínú, páàtì wọn kò sì bá ti àtijọ́ mu. Páàtì tí ẹ ń wá lónìí, yálà ó kù nínú ilé ìkẹ́rùsí ni, tàbí ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe é ní ìbámu pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, tàbí wọ́n yọ ọ́ lára hítà tí wọ́n tú kúrò nílé ẹlòmíràn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá páàtì rárá, ẹ dá mi lóhùn: ṣé hítà kan ló tutù ni àbí gbogbo wọn? Bí gbogbo hítà ilé bá tutù lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣòro kí páàtì inú wọn ti bà jẹ́ lóru ọjọ́ kan. Mítà ni kí ẹ wò. Ọ̀pọ̀ ilé ló ti lo mítà tó ń gba àmì láti orí rédíò fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmì tí wọ́n ń fi sórí ìgbì gígùn BBC Radio 4, tó máa ń sọ fún mítà pé ó ti tó àsìkò láti tan hítà. Láti ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àmì yẹn díẹ̀díẹ̀ láti agbègbè dé agbègbè. Ilé tí wọn ò bá tíì pààrọ̀ mítà rẹ̀ lè jí lówùúrọ̀ kó bá bíríkì tó tutù bí òkúta odò, tàbí kí hítà máa gba iná lọ́sàn-án nígbà tí owó iná ti gòkè. Ilé iṣẹ́ tó ń ta iná fún yín ni kí ẹ pè, kí wọ́n wá pààrọ̀ mítà.

Ìbéèrè kejì ni pé ta ló ni hítà náà? Bí ẹ bá ń gba ilé ní England, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ káńsù ì báà jẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, abala 11 nínú òfin Landlord and Tenant Act ti ọdún 1985 gbé àtúnṣe ohun tó ń mú ilé gbóná lé onílé lórí, níwọ̀n ìgbà tí àdéhùn yín kò bá tó ọdún méje. Hítà tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, ti onílé ni. Ẹ má fi owó oúnjẹ ọmọ ra páàtì sí ẹrù ẹlẹ́rù. Ẹ kọ̀wé sí i, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ ya fọ́tò lébẹ̀lì mọ́ ọn, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Mo ti rí ìdílé tó sun inú òtútù fún oṣù méjì, tí wọ́n ń dáwó fún páàtì tí kò kàn wọ́n, nítorí wọn ò fẹ́ kí onílé bínú. Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn, inú ṣì ń bí mi.

Bó bá jẹ́ tiyín, tó sì jẹ́ pé òun nìkan ló ń ṣàìsàn, ó kù kí wọ́n tú u. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Iná hítà oníbíríkì kì í sí lọ́sàn-án, torí náà ẹni tó bá fi tẹ́sítà kàn án ní ago méjì ọ̀sán lè rò pé kò léwu. Ní òru, mítà nìkan á tan án, láìsí ẹni tó fọwọ́ kan súwíìṣì. Èyí tó ní fáànù nínú tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀nà iná méjì ló wọ inú rẹ̀, ti òru àti ti gbogbo ìgbà, súwíìṣì méjì ló sì wà lára ògiri. Ẹ pa ọ̀kan, èkejì ṣì wà láàyè. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé láti ibi fíúsì ni mo ti ń pa á, tí mo sì máa ń fi àgádágodo tì í kí ẹnikẹ́ni má bàa tan án. Lẹ́yìn náà, n ó fi sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ méjì kí bíríkì tutù. Èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú àárín àwọn ọdún 1970 lè ní asbestos nínú, ohun èlò àtijọ́ tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, nítorí náà èmi kì í ṣí irú rẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá gbé e lọ bó ṣe wà, kí àwọn tó níwèé àṣẹ iṣẹ́ asbestos sì bá yín gbé e. Bí ẹ kì í bá ṣe oníná, ibi lébẹ̀lì ni kí ẹ dúró sí, kí ẹ fi ìyókù lé ẹni tó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú NICEIC tàbí NAPIT, àwọn àjọ tó ń forúkọ oníná sílẹ̀, lọ́wọ́.

Ní Thamesmead, abẹ́ ìbòrí iwájú ni lébẹ̀lì náà wà, ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀, eruku ọdún pípẹ́ ti bò ó. Mo fi aṣọ tútù nù ún jẹ́jẹ́, torí bí ẹ bá fi agbára nù ún, lẹ́tà á bá aṣọ lọ. Orúkọ módẹ̀lì yọ, nọ́ńbà ìdánimọ̀ yọ, lẹ́yìn náà 230/240V, lẹ́yìn náà 2.55kW. Iye tó kẹ́yìn yẹn, agbára iná tí hítà ń lò, ni mo ń wá. Ọ̀pọ̀ hítà oníbíríkì àtijọ́ ní England ń lo ẹ́límẹ́ńtì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 850. Méjì jẹ́ 1.7kW, mẹ́ta jẹ́ 2.55kW, mẹ́rin jẹ́ 3.4kW. Bẹ́ẹ̀ náà ni Dimplex XL12, XL18 àti XL24 ṣe tẹ̀ léra. Nítorí náà, kí n tó yọ bíríkì kan, mo ti mọ̀ pé ẹ́límẹ́ńtì mẹ́ta ni mo máa bá nínú rẹ̀.

Mo yọ wáyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi tẹ́sítà sí i. Ẹ́límẹ́ńtì 850 tó pé gbọ́dọ̀ fún mi ní nǹkan bí 62 sí 68 óòmù, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná. Àkọ́kọ́ fún mi ní 65. Èkejì fún mi ní 66. Ẹ̀kẹta kò sọ nǹkan kan. Ó ti já nínú. Màmá ń wo ojú tẹ́sítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ní, "Ṣé ìyẹn ni kò jẹ́ kó gbóná?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ìdá kan nínú mẹ́ta ooru yín ti lọ. Gbogbo tẹ́mósítáàtì tó wà lọ́jà ò lè dá a padà.

Láti ibẹ̀, wíwá páàtì di ohun tó rọrùn. Mo fa ẹ́límẹ́ńtì tó kú jáde, mo fi rúlà wọn gígùn rẹ̀, mo wo iye ìgbà tó ṣẹ́ kọ́rọ́, mo wo irú ẹnu tí wáyà ń wọ̀, mo sì ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Mo fi gbogbo rẹ̀ àti fọ́tò lébẹ̀lì ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta páàtì, láìpẹ́ ó dá mi lóhùn pé ó wà. Mẹ́ta ni mo rà, kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn méjì tó kù ò tíì kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n, kíkó bíríkì jáde àti títò ó padà ló sì ń gba iṣẹ́ jù. Kò yẹ kí màmá sanwó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé mo fẹ́ dín owó ẹ́límẹ́ńtì kù.

Ẹ̀yà kan wà tí n kì í gba "ó jọ ọ́" fún láéláé, ìyẹn kọ́tàòtù, irin róbótó kékeré tó ń já iná nígbà tí ooru bá pọ̀jù. Dígírì tó ti máa já wà lára rẹ̀. Bí ti àtijọ́ bá jẹ́ iye kan, iye yẹn gan-an ni kí tuntun jẹ́. Ẹni tó bá fi èyí tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀, tàbí tó fi wáyà fò ó kọjá kí hítà ṣáà lè ṣiṣẹ́, iná ló ń dá sílé fún ẹni tó ń sùn. Bí kọ́tàòtù bá ń já lemọ́lemọ́, ẹ wo orí hítà. Aṣọ ọmọ tí ẹ sá sórí rẹ̀, tàbí àga tí ẹ tì mọ́ ọn, ló ń dá ooru padà sínú rẹ̀, àfi kí ẹ kó o kúrò. Ìgbà mélòó ni mo ti ká irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kúrò lórí hítà tí wọ́n ní ó ti bà jẹ́!

Lórí àlòkù, tó jẹ́ pé a mọ̀ ọ́n dáadáa ní tokunbọ̀, ohun tí mo ń ṣe nìyí. Kọ́bọ́, ìbòrí iwájú, ẹsẹ̀, àti bíríkì tí kò là, mo máa ń ra àlòkù wọn láìbẹ̀rù, torí ojú lásán lè rí àbùkù wọn. Ẹ́límẹ́ńtì, tẹ́mósítáàtì àti kọ́tàòtù, tuntun ni mo ń rà. Kò sí ojú tó lè rí iye òru tí wọ́n ti ṣe.

Ti hítà kékeré alágbèéká kò gùn. Èyí tó ní epo nínú, bó bá ti ń jò, ẹ kó o dànù sí ibi tí káńsù ń gba ẹrù iná. Wọ́n ti jó ẹnu rẹ̀ pa, kò sì sí páàtì tó máa ṣí i. Bí kò bá tàn, ẹ wo fíúsì 13A inú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kí ẹ tó dá a lẹ́bi. Bí ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì bá ti dúdú, tí ike rẹ̀ sì ti yọ́, ẹ má pààrọ̀ fíúsì kí ẹ tún máa lò ó: sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri ń fẹ́ àyẹ̀wò pẹ̀lú.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ́límẹ́ńtì dé Thamesmead. Mo to bíríkì padà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Tẹ́mósítáàtì mẹ́ta tó wà nínú àpò ọ̀rá, màmá ti dá méjì padà fún ẹni tó tà á. Ẹ̀kẹta ti kọjá ọjọ́ ìdápadà. Kí n tó dé ìbòrí iwájú, mo fi máákà kọ ọjọ́ náà, 3 × 850, àti nọ́ńbà ẹ́límẹ́ńtì tuntun sí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́ inú, níbi tí ẹni tó bá tún ṣí i lẹ́yìn mi ti máa kọ́kọ́ rí i.