Kí ló dé tí lílọ sí New York fi ń pẹ́ ju bíbọ̀ lọ?

Láti Abẹ́òkúta, Èkó la ó ti wọ bàálù New York, ẹni tó bá sì ti bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ṣàngó Ọ̀tà pàdé lọ́nà rí mọ̀ pé ibi tó jìnnà kọ́ ló máa ń pẹ́ jù. Ojú ọ̀run náà ní tiẹ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ ló ń ṣe é níbẹ̀.

Èkó sí New York tó bíi kìlómítà 8,400. Kì í ṣe èyí tẹ́ẹ máa fi rúlà fà lórí máàpù ara ògiri o, torí ayé rí roboto, ọ̀nà tó kúrú jù máa ń tẹ̀ tí wọ́n bá yà á sórí bébà, ẹni tó bá wò ó lórí fóònù á rò pé bàálù ti ṣìnà, kò ṣìnà rárá.

Bàálù ńlá ń sáré bíi kìlómítà 900 ní wákàtí kan, tẹ́ẹ bá ṣírò ẹ̀, wákàtí 9 àti díẹ̀ ló yẹ kó jẹ́. Ṣùgbọ́n lílọ máa ń tó 11, bíbọ̀ bíi 10. Díẹ̀ nínú èlé yẹn ni ìgbà tó ń rìn nílẹ̀, tó ń gòkè, tó ń sọ̀kalẹ̀. Ìyókù dọwọ́ afẹ́fẹ́.

Lókè lọ́hùn-ún, bíi kìlómítà 10 sí 12, afẹ́fẹ́ líle kan wà tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, jet stream ni wọ́n ń pè é. Oòrùn ń mú gan-an lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, òtútù wà lápá àríwá, afẹ́fẹ́ gbígbóná á wá máa ṣí lọ síbi tó tutù, bí ayé ṣe ń yí ló ń darí ẹ̀ sí ìlà oòrùn. Ìgbà òtútù wọn ló máa ń le jù. Bàálù tó ń lọ Amẹ́ríkà ń kọjú sí i bí ẹni tó ń tukọ̀ lòdì sí odò Ògùn lásìkò òjò, èyí tó ń bọ̀, ẹ̀yìn ló ti ń tì í. Ká ní afẹ́fẹ́ yẹn ń sá 100, bàálù tó ń sá 900 á di 800 tó bá ń lọ, á di 1,000 tó bá ń bọ̀, ẹ wo bó ṣe pọ̀ tó! Lóṣù kejì ọdún 2020, ó gbé bàálù British Airways kan láti New York dé London ní wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56, ìrìn tó sábà máa ń ju wákàtí 6 lọ.

Ìjọba náà lè fi kún àkókò ìrìn bàálù. Lóṣù kẹjọ 2023 tí orílẹ̀-èdè Niger ti ojú ọ̀run wọn pa, àwọn bàálù Yúróòpù tó ń bọ̀ lápá ibí ní láti yípo.

Aago orí tíkẹ́ẹ̀tì ló wá ń da èèyàn rú jù, torí aago ìlú tó gbéra àti aago ìlú tó bà sí ni wọ́n máa ń kọ. Nígbà ooru wọn, Èkó fi wákàtí 5 ṣáájú New York, nígbà òtútù ó di 6. Ẹni tó gbéra ní Èkó láago 11 alẹ́ nígbà ooru á dé láago 5 ìdájí, ó máa jọ wákàtí 6 péré, bẹ́ẹ̀ 11 ló lò. Tó bá ń bọ̀, tó gbéra láago 5 ìrọ̀lẹ́, aago 8 àárọ̀ ọjọ́ kejì ló máa bà, á wá dà bí wákàtí 15. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gba àlejò ní Ìkẹjà, ẹ má ṣírò nǹkan kan mọ́, aago Nàìjíríà ni wọ́n kọ síbi tó máa bà sí, ẹ ṣáà tún un wò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kẹ́ẹ tó kúrò ní gáréèjì Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta, torí afẹ́fẹ́ lè gbé e dé ṣáájú àkókò.