Ètò ìwákiri pulsar alájùmọ̀ṣe

Ìwákiri pulsar alájùmọ̀ṣe ni iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ láti oríṣiríṣi ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ibùdó ìwádìí máa ń pawọ́ pọ̀ ṣe, tí wọ́n á fi awò-ọ̀nàjíjìn rédíò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yẹ apá kan ojú ọ̀run wò létòlétò, kí wọ́n lè rí àwọn pulsar tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Pulsar jẹ́ ìràwọ̀ neutron, ìyẹn ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ìràwọ̀ ńlá kan bá bú gbàù, tí inú rẹ̀ sì sún kì títí tí ohun tó wúwo ju oòrùn lọ fi wọ inú òbírí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 20. Ó ń yí bírí lórí ara rẹ̀, ìgbì rédíò sì ń tú jáde láti orí òpó òòfà rẹ̀ méjèèjì. Nígbàkígbà tí ìgbì náà bá gba ọ̀dọ̀ ayé kọjá, awò á gbà á sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlùkìkì kan.

Iṣẹ́ náà kò ṣeé dá ṣe. Àkókò lórí awò ńlá kì í ṣe ti ẹnì kan, dátà tó ń jáde pọ̀ ju ohun tí kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ kan lè tètè tú lọ, pulsar kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá sì rí ń béèrè pé kí wọ́n máa padà wò ó fún nǹkan bí ọdún kan kí wọ́n tó mọ ibi tó wà gan-an àti bí ìyípo rẹ̀ ṣe ń falẹ̀. Ìdí nìyí tí àdéhùn fi máa ń ṣáájú iṣẹ́: ta ni yóò jókòó ti awò ní òru wo, orí kọ̀ǹpútà ta ni dátà yóò lọ, ta ni yóò yẹ àwọn afurasí, ìyẹn àwọn àmì tó lè jẹ́ pulsar, wò, orúkọ ta ni yóò sì wà nínú ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ jáde.

Láti orí bébà dé orí awò olójú púpọ̀

Jocelyn Bell, tó ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Cambridge, ni ó kọ́kọ́ rí pulsar, ní ọdún 1967. Ẹ̀rọ awò tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ń fi gègé fa ìlà sórí bébà, bébà ọ̀hún ń gùn tó nǹkan bíi mítà 30 lójoojúmọ́, ojú ni Bell sì fi ń yẹ ẹ́ wò. Àmì kékeré kan, tí kò jọ ti ìràwọ̀ tí kò sì jọ ariwo àtọwọ́dá, ń padà wá láti ibì kan náà ní ojú ọ̀run. Nígbà tí wọ́n mú kí bébà máa sáré sí i, ó hàn pé ìlùkìkì ni, ó sì ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá 1.337 síra wọn. Ìròyìn náà jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní oṣù Kejì ọdún 1968. Ní 1974, Antony Hewish, tó jẹ́ olùdarí ẹ̀kọ́ Bell, àti Martin Ryle gba ẹ̀bùn Nobel. Bell kò sí nínú wọn, àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí kò sì tíì tán. Irú ìbéèrè yẹn gan-an, ti ẹni tó rí nǹkan àti ẹni tí wọ́n á kà á kún fún, ni àwọn àdéhùn ìwákiri òde òní ń gbìyànjú láti dáhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwákiri tó yí bí nǹkan ṣe ń lọ padà ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997 lórí awò Parkes ní Ọsirélíà, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 64. Wọ́n gbé ẹ̀rọ agbàgbì olójú 13 sí i, èyí tó túmọ̀ sí pé ibi 13 ni ó lè wò lẹ́ẹ̀kan náà níbi tí ẹ̀rọ àtijọ́ ti ń wo ẹyọ kan. Àwọn onímọ̀ láti Ọsirélíà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ítálì wà lára àwọn tó ṣe é, pulsar tí wọ́n rí nínú rẹ̀ sì ju 800 lọ. Ẹ̀rọ náà ń wọn agbára ìgbì nígbà 4,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, lórí ìkànnì 96, fún ojú kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 35 tí wọ́n fi ń tẹjú mọ́ ibì kan, tí a sì kó ojú 13 náà pọ̀, òǹkà tó jáde ju bílíọ̀nù 10 lọ, fún ìwò kan ṣoṣo. Orí téèpù òòfà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, tí wọ́n sì ń fi téèpù ránṣẹ́ sí àwọn alájọṣe. Bákan náà ni wọ́n pín iṣẹ́ ìtẹ̀lé: àwọn pulsar tí wọ́n lè rí láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ti awò Lovell, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 76, ní Jodrell Bank, kí Parkes lè ráyè gbọ́ ti àwọn tó kù.

Pípín ojú ọ̀run

Kò sí awò kan tó lè rí gbogbo ọ̀run. Awò Arecibo ní Puerto Rico, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 305, wà nínú kòtò ilẹ̀, kò sì ṣeé yí, nítorí náà ọ̀já ọ̀run tó ń kọjá lókè rẹ̀ nìkan ló lè wò. Ìwákiri PALFA tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2004 pẹ̀lú ẹ̀rọ olójú 7 dúró sí ààlà yẹn. Ìwákiri tí wọ́n ń pè ní HTRU pín ọ̀run sí méjì: Parkes mú gúúsù, Effelsberg ní Jámánì, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 100, mú àríwá. Lónìí, FAST ní Ṣáínà, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 500 tó sì ní ojú 19, àti MeerKAT ní Gúúsù Áfíríkà, tó jẹ́ awò 64 tí a so pọ̀ ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan, ni wọ́n wà lára àwọn tó ń rí pulsar jù.

Fíríkúẹ́ńsì, ìyẹn iye ìgbà tí ìgbì ń mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, náà gba àròjinlẹ̀. Ìgbì pulsar máa ń lágbára sí i bí fíríkúẹ́ńsì bá ṣe ń lọ sílẹ̀, ojú awò sì máa ń gbòòrò sí i, èyí tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ yá. Àmọ́ ní àárín gbùngbùn agbo ìràwọ̀ tí ayé wa wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Milky Way, àwọn electron tó wà láàárín ìràwọ̀ pọ̀ débi pé wọ́n ń da ìlùkìkì ìgbì tó rẹlẹ̀ rú, tí kò sì ní ṣeé dá mọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń wá àárín gbùngbùn Milky Way fi máa ń lo nǹkan bíi 1.4 GHz (ìyẹn 1,400 MHz), tí àwọn tó ń wá apá ọ̀run tó jìnnà sí àárín rẹ̀ sì lè lo 350 MHz, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe lórí awò Green Bank ní Amẹ́ríkà. LOFAR, awò rédíò tí a so ọ̀pọ̀ ibùdó pọ̀ ṣe, tí àárín rẹ̀ wà ní Netherlands, tún lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: láàárín 119 àti 151 MHz ni ìwákiri rẹ̀, LOTAAS, ti rí pulsar 73, títí kan ọ̀kan tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá 23.5 yípo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí afurasí ṣe ń di pulsar

Electron yẹn kan náà ló ń mú kí ìgbì tí fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ ga dé ayé ṣáájú èyí tó rẹlẹ̀. Ẹni tó ń wá pulsar tuntun kò mọ iye àkókò tí ìgbì fi pẹ́ sẹ́yìn, nítorí náà kọ̀ǹpútà ní láti dán ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àbá wò, kí ó ṣe ìṣirò Fourier lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti wá ohun tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, kí ó sì tún ìṣirò náà ṣe fún àwọn pulsar tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn po, tí ìlùkìkì wọn ń yá tí ó sì ń falẹ̀. Níbi yìí ni àkókò kọ̀ǹpútà ń lọ sí jù.

Ohun tó bá jáde ni afurasí. Kọ̀ǹpútà á gé dátà sí ègé-ègé ní ìwọ̀n àkókò ìyípo rẹ̀, á tò wọ́n lé ara wọn, á sì ya àwòrán kan jáde fún ènìyàn láti wò. Lórí àwòrán pulsar gidi, ìlà dúdú tààrà kan á wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwò títí dé òpin rẹ̀, ìlà náà á hàn lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì, agbára rẹ̀ á sì ga jù ní ibi tí ìpẹ́sẹ́yìn kò ti jẹ́ òdo. Èyí tó bá ga jù ní òdo kò tíì rin ìrìn-àjò láàárín ìràwọ̀. Ilẹ̀ ayé ló ti wá. Èyí tó bá wọ gbogbo ojú 13 lẹ́ẹ̀kan náà kò lè jẹ́ ìràwọ̀, nítorí ibì kan ṣoṣo ni ìràwọ̀ máa ń wà.

Àmọ́ ariwo àtọwọ́dá máa ń tan ènìyàn jẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìgbì kan ń wọ inú dátà Parkes tí ìpẹ́sẹ́yìn wọn jọ ti ohun tó ti ọ̀nà jíjìn wá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń wọ gbogbo ojú ẹ̀rọ, wọ́n sì sábà máa ń wáyé ní ọ̀sán, nígbà oúnjẹ. Ní 2015 ni wọ́n tó kéde pé máíkíróweefù tó wà nínú ọgbà ibùdó náà ni: bí ẹnì kan bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kó tó parí iṣẹ́, tí awò sì kọjú síhà ibẹ̀, ìgbì náà á jáde. Irú ọ̀ràn báyìí ló fà á tí olùṣọ́ awò fi gbọ́dọ̀ máa kọ ohun gbogbo sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìwò, kódà ohun tó dà bíi pé kò ṣe pàtàkì, àti ìdí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nípa kíkọjú awò sí pulsar tí wọ́n ti mọ̀. Bí wọn kò bá rí i, ẹ̀rọ ló ní àbùkù.

Afurasí tó bá dára á tún gba ìwò mìíràn. Tí ó bá padà hàn, pulsar ni.

Àwọn olùrànlọ́wọ́

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2007, wọ́n ń tún ojú irin tí awò Green Bank ń yí lé lórí ṣe, awò kò sì lè yí. Àwọn onímọ̀ jẹ́ kí ọ̀run fúnra rẹ̀ máa kọjá lókè awò, wọ́n sì ń gba dátà sílẹ̀. Lára dátà yìí ni wọ́n fún àwọn ọmọ ilé-ìwé gíráámà nínú ètò Pulsar Search Collaboratory láti yẹ̀ wò, àwọn ọmọ náà sì rí pulsar tuntun nínú rẹ̀. Einstein@Home gba ọ̀nà mìíràn: kọ̀ǹpútà ilé àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń ṣe ìṣirò nígbà tí wọn kò bá lò ó. Ní 2010, ètò náà rí PSR J2007+2722 nínú dátà tí Arecibo ti gbà ní 2007. Nísinsìnyí, ètò kọ̀ǹpútà tí a ti kọ́ láti dá àwòrán mọ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣa àwọn afurasí, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ló ṣì ń fọwọ́ sí èyí tó kẹ́yìn.

Orúkọ àti ìkéde

Ibi tí pulsar wà ní ojú ọ̀run ló ń fún un ní orúkọ. Orúkọ àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ ti ìgbà díẹ̀, torí pé ojú awò gbòòrò. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ̀ lé ìlùkìkì rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni nọ́ńbà inú orúkọ rẹ̀ á tó dúró. PSR J0737−3039, tí wọ́n rí ní Parkes ní 2003, gba lẹ́tà A àti B nígbà tó hàn pé pulsar méjì ló ń yí ara wọn po láàárín wákàtí méjì àti ààbọ̀. Bí ìwákiri méjì bá ń wo apá ọ̀run kan náà, wọ́n lè rí pulsar kan náà láìmọ̀, nítorí náà àwọn ikọ̀ máa ń gbé àkójọ ohun tí wọ́n rí síta kí ìwé wọn tó jáde, wọ́n sì máa ń yẹ àkójọ orúkọ pulsar ti ATNF, ìyẹn àjọ awò rédíò Ọsirélíà, wò, èyí tí pulsar inú rẹ̀ ti ju 3,500 lọ.

Dátà àtijọ́

Dátà ìwákiri kì í tán. Ní 2006, wọ́n rí ìràwọ̀ 11 tó jẹ́ oríṣi tó ń lù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú dátà olójú 13 ti Parkes tí wọ́n ti yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀. Ní 2007, wọ́n rí àkọ́kọ́ nínú àwọn ìbújáde rédíò tó ń yára kọjá (fast radio burst), tó ti òde Milky Way wá, nínú dátà tí awò kan náà ti gbà ní 2001. Parkes máa ń ṣí dátà rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn lẹ́yìn oṣù 18. Awò Arecibo ní tirẹ̀ wó lulẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2020, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó dátà rẹ̀ lọ sí ibùdó kọ̀ǹpútà ńlá kan ní Texas, níbi tí àwọn olùwádìí ti lè tún un yẹ̀ wò.