Sẹ́ǹtì Kan Ni Agbára Hearst Dúró Lé

Owó ilé ni William Randolph Hearst, oníwèé ìròyìn ará Amẹ́ríkà, fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀, tó là nídìí ìwakùsà, ló fi ìwé ìròyìn San Francisco Examiner lé e lọ́wọ́ ní 1887. Nígbà tó sì ra Journal ní New York ní 1895, owó ìyá rẹ̀ ló ń ná. Ìwé ìròyìn World tí Joseph Pulitzer ni ló gbòde níbẹ̀ nígbà náà, sẹ́ǹtì méjì ni wọ́n ń tà á. Hearst ta tirẹ̀ ní sẹ́ǹtì kan. Ó ń pàdánù, kò bìkítà, torí ibi tí òǹkàwé bá pọ̀ sí ni àwọn oníṣòwò ń gbé ìpolówó lọ. Ó tún fi owó gọbọi fa àwọn òṣìṣẹ́ Pulitzer mọ́ra. Ní 1896, Pulitzer náà já iye World sí sẹ́ǹtì kan.

Nígbà tí iye ti dọ́gba, ìròyìn ló kù tí wọ́n lè fi du ọjà, ogun tí Cuba ń bá Spéìnì jà fún òmìnira sì wà nílẹ̀. Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Maine bú gbàmù ní èbúté Havana ní Cuba lọ́jọ́ 15 oṣù kejì 1898. Ìwádìí ò tíì parí tí Journal ti nàka sí Spéìnì, ó sì ṣèlérí 50,000 dọ́là fún ẹni tó bá tú àṣírí ọ̀daràn náà. Oṣù kẹrin ni Amẹ́ríkà wọ ìjà. Àwọn tó ní Hearst ló dá ogun náà sílẹ̀ ń bù mọ́ ọn. Ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀ lè ṣe ni láti mú kí gbogbo ìlú máa sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ du ipò gómìnà New York ní 1906, ó fìdí rẹmi.

Ẹni tó ń gbé ìwé ìròyìn náà dé ọwọ́ òǹkàwé ńkọ́? Ọmọdé ni. Sẹ́ǹtì 50 ni wọ́n ń ra ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà, wọ́n á wá ta ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní sẹ́ǹtì kan. Èyí tí ò bá tà, àwọn ló gbé e jẹ. Lásìkò ogun, tí ọjà ń yá, àwọn ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn sọ iye ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà di sẹ́ǹtì 60. Ogun parí, àwọn ilé iṣẹ́ yòókù dá a padà sí 50, Hearst àti Pulitzer kọ̀. Ní oṣù keje 1899, àwọn ọmọ náà kò ta ìwé àwọn méjèèjì mọ́. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, àdéhùn dé: 60 ni yóò máa jẹ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ yóò gba èyí tí ò tà padà, yóò sì dá owó rẹ̀ padà.